Rebate hítà tuntun ní ilé oúnjẹ mi: mo gbà á, ṣùgbọ́n ojú mi rí màbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Maryland, tí iléeṣẹ́ iná ń kọ lẹ́tà sí pé àwọn máa dá owó padà fún yín (rebate nìyẹn) tẹ́ ẹ bá yọ hítà omi àtijọ́, tẹ́ ẹ sì gbé èyí tí wọ́n ń pè ní heat pump sí i, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó.

Ilé oúnjẹ kékeré ni mo ní ní Prince George's County, àga méjìdínlógún péré. Àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì là ń tà lójoojúmọ́, iyán sì ń bọ́ sí i láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Àìkú. Hítà tí mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù náà, iná lásán ló fi ń se omi, bí irin tí à ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé tá a bá fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, à ń da omi nù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Kí ni heat pump yìí gan-an? Ẹ rántí ẹ̀yìn fíríìjì. Nígbà òjò, tí yunifọ́ọ̀mù kò bá gbẹ, ṣebí ẹ̀yìn fíríìjì ni màmá wa máa ń sá a sí? Ooru tí fíríìjì fà jáde lára ẹran àti omi inú rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dà á sí. Hítà yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, inú omi ló kàn ń da ooru tirẹ̀ sí. Ó ń fa ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá, ó sì ń kó o wọ inú táǹkì. Ooru tó ti wà nílẹ̀ ló ń kó, ìdí nìyẹn tí iná tí hítà àtijọ́ fi ń mú ooru ẹyọ kan wá fi ń mú tó mẹ́ta wá fún èyí. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń ro àmàlà láti àárọ̀, ṣé ooru ló máa wọ́n níbẹ̀?

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Òfin EmPOWER Maryland tó jáde ní 2008 ló ní kí àwọn iléeṣẹ́ iná máa ran oníbàárà lọ́wọ́ láti dín iná tí wọ́n ń lò kù. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú o. Ẹ mú bíìlì yín, ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí ìlà kan tí wọ́n kọ EmPOWER sí. Gbogbo wa là ń dá owó yẹn lóṣooṣù, inú rẹ̀ ni rebate ti ń jáde. Àjọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá a láìmọ̀, ni mo bá ní èmi náà á lọ kó tèmi.

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo kún, ti ilé gbígbé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dá mi lóhùn pé mítà ṣọ́ọ̀bù mi, mítà oníṣòwò ni, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Mo kún ìkejì. Wọ́n ní kí n mú ìwé tó fi módẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ hàn wá, kí n mú W-9, fọ́ọ̀mù tí èèyàn ń kọ nọ́ńbà owó orí rẹ̀ sí, wá, kí onílé mi sì kọ̀wé pé òun gbà. Onílé mi ń gbé ní Florida, ẹni tí kì í gbé fóònù tó bá rí nọ́ńbà mi, torí ó rò pé òrùlé ni mo tún fẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tún lọ síbẹ̀.

Plọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ pè ní òun ní ọ̀kan nílẹ̀, kí n ṣáà san àsansílẹ̀, òun máa gbé e sí i lọ́la. Mo bi í bóyá ó ní àmì ENERGY STAR, àmì ìjọba tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ kì í jẹ iná púpọ̀. Ó ní gbogbo wọn náà ni. Mo bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, ó tẹ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì náà wò nínú àkọsílẹ̀ ENERGY STAR lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí níbẹ̀. Ká ní mo rà á ni, kọ́bọ̀ kan kò ní wọlé. Kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí mo pe iléeṣẹ́ iná, obìnrin tó gbé e bi mí pé ṣé mo ti ra nǹkan kan. Mo ní rárá. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wọlé o, àfi tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà ìyọ̀ǹda wa." Kò sí ibì kankan nínú ìwé pélébé aláràbarà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi tí wọ́n ti kọ èyí gàdàgbà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ojú èèrà. Inú bí mi.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Plọ́ńbà mìíràn gbé táǹkì gálọ́ọ̀nù 80 wọlé. Wáyà fóòtì 240 tí hítà àtijọ́ ń lò náà ló lò. Ẹni tó bá jẹ́ pé gáàsì ló ń lò tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́tríṣíànì á gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì mi dé ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí mo ra ẹ̀rọ. Owó iṣẹ́ plọ́ńbà, èmi ni mo dá a jẹ. Ní Maine, wọ́n ń yọ ẹ̀dínwó ètò tiwọn, Efficiency Maine, nídìí kántà kí èèyàn tó sanwó. Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ má fi tèmi wé ti ọ̀rẹ́ mi ní Bowie tó ń yangàn pé ìjọba àpapọ̀ yọ 2,000 dọ́là fún òun nínú owó orí. Apá òfin owó orí tí wọ́n ń pè ní 25C nìyẹn, ilé gbígbé ló wà fún, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025 sì ti fòpin sí i nígbà tí ọdún náà parí. Ẹ̀dínwó owó orí ti ilé ìṣòwò ni 179D, ṣùgbọ́n bí ilé bá ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Akáǹtáǹtì mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní hítà kan ṣoṣo kò gbé e. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2026 kò ní rí i gbà mọ́.

Ẹ̀rọ ọ̀hún ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ṣẹ́ẹ̀kì lọ. Bó ṣe ń fa ooru, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ọ̀rinrin. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo gbé e sí, níbi tí mo ń kó àpò èlùbọ́ àti ẹ̀wà sí. Lọ́dọọdún, tí ooru oṣù Keje bá dé, àpò èlùbọ́ méjì tàbí mẹ́ta máa ń hu funfun, màá sì dà á nù. Ọdún tó kọjá, ẹyọ kan kò hu. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń yọ̀ mọ́ ọwọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ dé láti ọjà. Ọ̀rinrin yẹn ń di omi, ó ń kán, ẹ gbọ́dọ̀ ní páìpù tó máa gbé e lọ sí gọ́tà. Tèmi kún ike kan láàárín òru kan kí wọ́n tó so páìpù náà.

Àléébù rẹ̀ wà. Kì í yára. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a fọ kúlà àti ìkòkò ìnáwó, aago mẹ́rin ni omi ti di lọ́wọ́ọ́wọ́. Food Code, ìwé òfin ìmọ́tótó ilé oúnjẹ, ní omi tá a fi ń fọ àwo lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 110 Fahrenheit lọ, mo sì mọ irú ojú tí aṣojú ìlera máa fi wo tẹmómítà rẹ̀. Mo yí i sí Hybrid, kí irin iná inú rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, látìgbà yẹn ni Sátidé ti fi ara rọ̀. Ó tún ń kùn bíi fáànù àgbà, ó sì nílò afẹ́fẹ́. Yàrá tóóró tí mo kọ́kọ́ fẹ́ tì í mọ́, plọ́ńbà ní àfi kí n fi ilẹ̀kùn tó ní ihò sí i. Nígbà òtútù, ọmọ tó ń gé ẹ̀fọ́ níbẹ̀ ń wọ súwẹ́tà, ó sì ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ẹ̀rọ, ìràwọ̀ mẹ́rin. Ètò rebate, méjì, torí obìnrin orí fóònù yẹn ni mo fi fún un ní ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n dìde. Fíltà ẹ̀rọ náà ló ń pe mí, epo díńdín àkàrà ti dì mọ́ ọn lára, mo sì ní kúlà mẹ́fà láti fọ̀ lọ́la.