Wọ́n ní hard disk mi ti kú

"Mà, hard disk yín ti kú. ₦85,000 lẹ máa fi ra tuntun. Gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí káńtà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Computer Village, Ìkẹjà, kò sì tíì lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ nídìí laptop náà. Ìbéèrè ìdánwò táàmù kẹta fún kíláàsì mẹ́rin wà nínú ẹ̀! Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un wò, pé àmì Windows ṣì máa ń yọ kójú ẹ̀ tó dúdú. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ! Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti ibi oúnjẹ dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí: "Mà, kí lẹ ṣe lórí ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Mo ní mo ń ṣe update driver graphics, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbé àwòrán sójú ẹ̀, lálẹ́ àná ni wọ́n mú iná lọ, bátìrì mi ò sì mú iná dúró mọ́.

"Kò kú, mà. Driver yẹn ni ò wọlé tán."

Mo dúró tì í, mi ò ṣẹ́jú. Ó tan ẹ̀rọ, bí àmì Windows ṣe yọ, ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi kú. Ìgbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ojú-ewé àtúnṣe jáde fúnra ẹ̀. Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart. Ó tẹ 4, ìyẹn Safe Mode. Ó ní ìwọ̀nba driver tí Windows ò lè ṣe kó máà ní nìkan ló ń gbé níbẹ̀, ti graphics tó bàjẹ́ ò sí lára wọn. Bí fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣe yọ lójú ẹ̀rọ báyìí, omi bọ́ lójú mi. Ó wọ Device Manager, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò àwọn driver. Roll Back Driver, tó máa ń dá driver ti tẹ́lẹ̀ padà, ò ṣeé tẹ̀, ló bá yọ driver náà kúrò pátápátá, ó tún ẹ̀rọ tàn, ó wá lọ mú èyí tó bá a mu lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop náà. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọlọ́run á bá mi bù kún ọmọ yẹn.

Àfi ìgbà tó kan owó. Ọmọkùnrin yẹn tún dé: ₦15,000 owó iṣẹ́, ₦5,000 owó àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò wo, nígbà tí kò yẹ nǹkan kan wò? Ọ̀gá wọn ń gbọ́, kò dá sí i. Mo san án torí ọmọbìnrin náà ti dorí kodò, mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi fìyà jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní "ẹ máà bínú, mà".

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, ẹ̀rọ mi ń tàn geerege, mo ti tẹ ìbéèrè ìdánwò mi jáde. Máàkì tí mo fún ṣọ́ọ̀bù náà: 2 nínú 5.