Ilé bọ́ọ̀lù tí mò ń mú bàbá mi lọ ní Alékúwodò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé l'Óṣogbo, ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù kan wà ní Alékúwodò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Látìgbà tí màmá wa ti kú, bàbá mi ò fẹ́ máa jáde mọ́, mo bá mú wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí Super Falcons, ikọ̀ bọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, gbá fáínà ife Áfíríkà pẹ̀lú Mòrókò ní 2025, wọ́n kọ́kọ́ gbá góòlù 2 sáwọ̀n wa kó tó wá di 3-2 fún wa, háà, bàbá fò dìde! Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti fáínà ife Áfíríkà àwọn ọkùnrin ní 1980 fáwọn ọmọ ibẹ̀, bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ṣe gbá góòlù 2 wọlé nígbà tá a na Algeria 3-0 l'Ékòó. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ti wá lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀ báyìí, àwọn gan-an ló ń pè mí ní Sátidé pé mo ti pẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í gbowó lọ́wọ́ àgbà, iwájú ló sì ń fi wọ́n sí. Bẹ́ńṣì tí ò ní ẹ̀yìn ni ṣá, ẹ gbé pílò dání, jẹnẹrétọ̀ náà sì ti sún mọ́ fèrèsé jù.