Áàpù tó ń yẹ ewé wò: bọ́tìnnì ìdí ló gbà á sílẹ̀

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un, kẹ́ ẹ má bàa máa wá a kiri nísàlẹ̀. Áàpù tẹ́ ẹ máa fi ya fọ́tò ewé òdòdó yín ni, AI inú ẹ̀ á wò ó, á ní àrùn báyìí ló ń ṣe é, ẹ ṣe báyìí sí i. Irú ẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù. Mi ò ní dárúkọ eléyìí torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lórí ẹ̀ pọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n dán an wò ni pé àwọn tó ṣe é ń pariwo pé AI tiwọn kì í kàn dájọ́, ó máa ń sọ ìdí, àti pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, á yé e. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni nọ́ńbà gàgàrà kan, 87%, tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn kí ọkàn èèyàn lè balẹ̀. 87% ti kí ni? Wọn ò sọ. Èmi tí mo jẹ́ èèyàn lásán, ohun tó máa wá sí mi lọ́kàn ni pé tí ewé tó rí báyìí bá tó 100, 87 nínú wọn ló ní àrùn yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ o, láti 2017 làwọn olùṣèwádìí ti fi hàn pé irú AI tó ń wo àwòrán yìí sábà máa ń dá ara ẹ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ, àfi tí àwọn tó ṣe é bá jókòó tún nọ́ńbà yẹn ṣe. Mo gbé ìkòkò òdòdó kan kúrò nínú oòrùn bọ́ sábẹ́ òjìji, mo tún ewé kan náà yà, nọ́ńbà já wálẹ̀ sí 61%. Ewé ò yí padà, ìmọ́lẹ̀ ló yí padà. Ká ní wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kò dá wa lójú tán, ẹ ya òmíì níbi tó mọ́lẹ̀ dáadáa", ó tó, ta ló bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ wọn?

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn ẹ̀ rèé. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "Ìdí" sí, á gbé fọ́tò yín padà wá, á wá fi pupa kun ojú ibi tó wò kó tó sọ̀rọ̀, ibi tí ò kà sí á sì wà ní búlúù. Mo kọ́kọ́ fi ewé róòsì tó ní àmì dúdú dán an wò, pupa yẹn bọ́ sórí àwọn àmì dúdú yẹn gẹ́lẹ́, ó sì pe àrùn ẹ̀ bó ṣe jẹ́. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Ewé kejì ti di yẹ́lò, mo fọwọ́ dì í mú kí atẹ́gùn má bàa máa jù ú kiri, áàpù ní omi ò tó o, 90 ó lé, pẹ̀lú ìdánilójú gidi. Mo tẹ ìdí. Gbogbo pupa wà lórí èékánná àtàǹpàkò mi! Ewé gan-an, búlúù ni látòkè délẹ̀, àfi bíi pé kò sí nínú fọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kí àlàyé ṣe nìyẹn jàre, kó jẹ́ kí n mọ ìgbà tí mi ò gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́, torí ká ní 90 yẹn nìkan ni mo rí ni, omi ni ǹ bá máa dà sí i.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ AI mọ irú wàhálà yìí dáadáa. Lọ́dún 2016, Marco Ribeiro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ AI kan ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, pé kó máa fìyàtọ̀ sáàárín ìkookò àti ajá husky, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣa fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ kó lè jẹ́ pé gbogbo ti ìkookò ló ní yìnyín lẹ́yìn, ti ajá ò ní. Yìnyín ni AI yẹn wá ń wò, kò wo ẹranko. Wọ́n fi iṣẹ́ ẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ 27, 10 nínú wọn ní àwọn gbà á gbọ́, ìgbà tí wọ́n wá rí ibi tí AI ń wò, ó ku 3. Ti ewé tiẹ̀ tún wà níbẹ̀, ọdún kan náà: àwọn olùṣèwádìí míì fi fọ́tò tó lé ní 54,000 látinú àkójọ fọ́tò ewé tí wọ́n ń pè ní PlantVillage kọ́ AI, ewé tí wọ́n tẹ́ sórí nǹkan tó mọ́ tónítóní kí wọ́n tó yà á, ó gba 99.35% nínú ìdánwò, wọ́n wá gbé fọ́tò tó tibòmíì wá síwájú ẹ̀, ó já sí 31% àti díẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí "99%" nínú ìpolówó áàpù, ẹ bi wọ́n pé irú fọ́tò wo.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò pupa yẹn wá nìṣòro. "Ìdí: àwọn àmì tó wà lórí ewé yìí bá àrùn yìí mu." Ṣé àlàyé nìyẹn? Ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ náà ló tún sọ. Irú ìdí òfìfo yìí máa ń mú èèyàn o, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ní 1978, Ellen Langer àtàwọn kan ní kí èèyàn lọ máa bẹ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkópì pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ ṣe, tó bá kàn bẹ̀bẹ̀ fún ojú ìwé 5, 60 nínú 100 ló gbà, tó bá fi kún un pé "torí mo fẹ́ ṣe kópì", èyí tí kì í ṣe ìdí rárá, 93 gbà. Ìgbà tó di ojú ìwé 20 ni ojú wọn là, ìdí òfìfo ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ewé òdòdó dà bí ojú ìwé 5, a ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé AI náà ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tí wọ́n máa yá lówó, ẹ ò ní gbà kó kàn sọ fún yín pé "ìwé yín ò bá ohun tá a ń wá mu".

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nídìí ewé yẹ́lò ò pọ̀ rárá: kí ló dé tó fi jẹ́ pé omi ò tó ni, tí kì í ṣe pé omi ti pọ̀ jù? Torí méjèèjì ló ń sọ ewé di yẹ́lò, ìtọ́jú wọn sì ta kora. Bí èèyàn ṣe máa ń bèèrè ìdí nìyẹn, a kì í bèèrè gbogbo ohun tó fà á láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, ohun tá a ń bèèrè ni kí ló dé tí kì í fi ṣe tọ̀hún. Kámẹ́rà ò sì lè rí inú iyẹ̀pẹ̀. Ká ní áàpù yìí béèrè pé "ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò, ṣé ó tutù àbí ó gbẹ?", ìbéèrè ẹyọ kan, ó parí. Kò bèèrè.

Wọ́n tún fi chatbot kún un, ìyẹn AI tẹ́ ẹ lè bá fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀ nípa ewé yẹ́lò yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi nípa etí ewé tó gbẹ, etí ewé wo, etí ewé yẹn ò gbẹ. Bó ṣe hàn sí mi, kì í ṣe òun ló wo fọ́tò, ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ dídùn ti ìdájọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn ni. Mo fẹ́ràn fọ́tò pupa tó tú ara ẹ̀ fó ju akọ̀wé ẹlẹ́nu dídùn yìí lọ.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé kò sí ibi tí mo ti lè tètè sọ fún un pé "àtàǹpàkò mi lò ń wò o". Bọ́tìnnì àtakò wà, ṣùgbọ́n inú ṣẹ́tíǹsì ni wọ́n fi pamọ́ sí, lábẹ́ "ìrànlọ́wọ́", lábẹ́ "òmíràn". Mo ròyìn ẹ̀, wọ́n ní ẹ ṣé, mo tún fọ́tò kan náà gbé sí i, ìdáhùn kan náà. Tí wọ́n bá gbé bọ́tìnnì yẹn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò pupa, tí mo lè fìka pa ibi tí kò yẹ kó wò rẹ́, kó sì tún un wò lójú ẹsẹ̀, màá wá sọ 3 yìí di 4. Ti chatbot yẹn ni ò ní jẹ́ kó di 5.