Máòsì àti kíbọ́ọ̀dù tí ẹ lè tún tò: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ má tíì béèrè iye bọ́tìnnì. Ẹ kọ́kọ́ ka iye kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo nílé, àti ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Tanke, Ìlọrin, lónìí, tó tún ń jókòó sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní Ọ̀fà lọ́la, ọjà kan náà kọ́ ló tọ́ sí wọn. Ibi tí àtúntò yín (iṣẹ́ tuntun tí ẹ fún bọ́tìnnì) ń gbé ló ṣe kókó: inú kọ̀ǹpútà ni, àbí inú ohun tí ẹ rà gan-an?

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Logitech M185 ti tó. Aláìlókùn ni, bátìrì AA kan ló ń lò. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, torí náà orí kíbọ́ọ̀dù ni àbùjá yín máa wà. Ẹ gba PowerToys, ètò Microsoft tó lè yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà, lọ́fẹ̀ẹ́ ní Microsoft Store, ẹ ṣí Keyboard Manager, ẹ tan án, kí ẹ wá wọ Remap a key. Láptọ́ọ̀pù tòkùnbọ̀ tí Ctrl rẹ̀ ti kú, Caps Lock lè máa bá a ṣe iṣẹ́ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé PowerToys kò tíì jí nígbà tí Windows ń béèrè password. Bí lẹ́tà tó kú bá wà nínú password yín, ẹnu ọ̀nà lẹ máa wà. Ẹ yáa lo PIN.

Ẹni tó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, Logitech G102 ni kó rà. Olókùn ni, bọ́tìnnì 6 ló ní, méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Ẹ fi G HUB, ètò Logitech tí a fi ń tún máòsì tò, gbé Ctrl+C sórí ọ̀kan, Ctrl+V sórí èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á tò ó tán, wọn ò ní tan On-Board Memory Mode (ibi ìpamọ́ inú máòsì) kí wọ́n gbé e síbẹ̀, àtúntò á wá jókòó sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ okùn, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà tí kò ní G HUB. Bí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ bá ń dá ojú ewé padà sẹ́yìn dípò Ctrl+C, àtúntò yín kò tíì wọnú máòsì. Èyí tí ẹ bá tò fún Excel nìkan kò ní bá a lọ. G HUB ló ń mójú tó ìyẹn. Ọlọ́wọ́ òsì, ẹ fi í sílẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré ni bọ́tìnnì méjèèjì máa bọ́ sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà fi 8000 DPI (bí atọ́ka ṣe ń yára sí) gba owó lọ́wọ́ yín. 800 sí 1600 tó iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Kíbọ́ọ̀dù tó ń gbé àtúntò sínú ara rẹ̀ ni Keychron V1. Ẹ fi okùn so ó, ẹ ṣí VIA, ojú ewé tí a ti ń tún kíbọ́ọ̀dù tò, nínú Chrome tàbí Edge. Firefox kò gbé e. Layer (ìpele àtúntò) mẹ́rin ló ní: 0 àti 1 jẹ́ ti Mac, 2 àti 3 ti Windows. Ẹni tí suwíìṣì Mac/Win ara kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní Win, tó wá ń tún layer 0 tò, lè tò ó di alẹ́, nǹkan kan ò ní yí.

Torí lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ nìkan, ẹ má ra ohunkóhun. Kíbọ́ọ̀dù kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà bọ́tìnnì ló ń rán lọ, Windows ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà. Ẹ wọ Settings, Time & language, Language & region, kí ẹ fi Yorùbá kún un. Windows+Space ló ń pààrọ̀ wọn.