Google Sheets: bí ìlà tí wọ́n fi fagi lé ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò, àti ibi tó ti máa ń ṣorí kunkun

Nínú gbogbo ohun téèyàn fi ń ṣe ṣíìtì, ìyẹn ìwé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pín sí ojú-ojú láti fi to orúkọ àti owó, Google Sheets ni mo fẹ́ràn jù tó bá di pé ká fagi lé orúkọ, ká tún wá pa ìlà yẹn rẹ́ tó bá yá. Mi ò kàn sọ ọ́ lásán o, èmi ni mò ń mójú tó ìwé àjọ àdúgbò wa, orí ẹ̀ ló sì wà látòkè délẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un, màá sì sọ ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan kúrò.

Bá a ṣe ń lò ó rèé. Ẹni tó bá ti kó àjọ, a máa fagi lé orúkọ ẹ̀, ìlà á gba àárín orúkọ yẹn kọjá àmọ́ orúkọ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ṣì lè kà á. Àwọn ìyá tó wà lọ́jà á ṣí i lórí fóònù wọn, wọ́n á rí ẹni tó kàn, kò ní sí pé wọ́n ń pè mí láàárọ̀ kùtù pé ta ló kàn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wa bá ti kó o tán tá a fẹ́ padà sórí ẹni àkọ́kọ́, gbogbo ìlà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, kí orúkọ má kúrò o, kí àwọ̀ tá a fi kun orí ṣíìtì náà má sì bá a lọ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Èyí tó rọrùn jù ni ìlà téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ fà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan gbogbo sẹ́ẹ̀lì tọ́rọ̀ kàn, ìyẹn ojú kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ṣíìtì, kẹ́ ẹ wo òkè níbi tí B àti I wà, ẹ máa rí lẹ́tà S kan tí ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù á tẹ Alt, Shift àti 5 pa pọ̀, tó bá jẹ́ Mac ni, Command, Shift àti X. Bọ́tìnì tó ń fa ìlà náà ló ń pa á rẹ́, torí náà tó bá jẹ́ pé nínú ibi tẹ́ ẹ yàn, àwọn kan ní ìlà àwọn kan ò ní, ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tí gbogbo wọn á wá ní ìlà, ẹ má bẹ̀rù, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ẹ̀ á lọ.

Ẹlòmíì á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tẹ Ctrl àti \ pé ìyẹn yá jù. Lóòótọ́ ìlà á lọ, àmọ́ ó máa gbá gbogbo ọ̀ṣọ́ míì lọ pẹ̀lú ẹ̀ ni, lẹ́tà tẹ́ ẹ mú kó nípọn, àwọ̀ ọ̀rọ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹ̀. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é lórí ìwé táwọn èèyàn ti mọ́jú ẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, Ctrl àti Z á dá a padà.

Wàyí o, ibi tó ti ń ṣorí kunkun. Ẹ máa yan sẹ́ẹ̀lì, ẹ máa tẹ S, ìlà ò ní lọ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ohun tó fà á ni pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kankan ló fa ìlà yẹn, òfin kan ló ń fà á. Ẹni tó ṣe ṣíìtì náà ti fi àpótí kékeré tí wọ́n ń máàkì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, ó wá kọ ọ́ sínú Conditional formatting, ibi tí wọ́n ń kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sí, pé nígbàkígbà tí àpótí yẹn bá ti ní máàkì, kí ìlà gba orí orúkọ kọjá. Tó bá jẹ́ C2 ni àpótí àkọ́kọ́ wà, fọ́múlà tí wọ́n sábà máa ń lò fún un ni =$C2=TRUE. Nígbà tí òfin yẹn bá ṣì wà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tẹ S tó, òfin lọ̀gá. Ẹ lọ sí Format, ẹ tẹ Conditional formatting, àwọn òfin tó wà á tò jáde lápá ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá gbé máòsì lé èyí tẹ́ ò fẹ́, àmì agolo ìdọ̀tí á yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má kánjú yọ ọ́! Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn Google Sheets gan-an nìyẹn. Tí àjọ bá ti yí po, mi ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òfin, màá kàn yan gbogbo àpótí yẹn látòkè délẹ̀, màá tẹ spacebar, máàkì á kúrò lórí gbogbo wọn, gbogbo ìlà á sì bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí àwọ̀ tó bàjẹ́, kò sí orúkọ tó sọnù. Ẹni tó bá ń fọwọ́ fa ìlà ní orúkọ kọ̀ọ̀kan ń fìyà jẹ ara ẹ̀ ni.

Ìràwọ̀ tí mo yọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìlà tẹ́ ẹ fà sórí owó ò yọ owó yẹn kúrò nínú àròpọ̀. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ló dá 5,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, SUM, ìyẹn fọ́múlà tó ń ro owó pọ̀, á sọ pé 50,000. Tẹ́ ẹ bá wá fagi lé owó àwọn méjì torí pé wọn ò tíì san, SUM ṣì máa sọ pé 50,000, kò ní sọ 40,000 láéláé, torí lójú ẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìlà. Excel, ohun tí Microsoft ṣe fún ṣíìtì, náà ò yàtọ̀. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà láàárín àwọn tó ti ń bára wọn bọ̀ tipẹ́, kálukú ń wo ìwé kan náà, ẹnì kan ń ka owó tó rí lójú, èkejì ń ka àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, Google Sheets lè fi àwọ̀ ṣa sẹ́ẹ̀lì jọ, àmọ́ kò lè fi ìlà ṣà á, kò sì sí fọ́múlà lásán tó lè béèrè pé ṣé ìlà wà lórí sẹ́ẹ̀lì yìí. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe ìyẹn fún wa tipẹ́. Ní tèmi, àpótí ni mò ń jẹ́ kó ka owó, SUMIF, fọ́múlà tó ń ro kìkì owó tó bá ohun téèyàn sọ mu, á wo ẹni tó ní máàkì àti ẹni tí ò ní, ìlà á wà fún ojú nìkan.

Excel ńkọ́? Ctrl àti 5 lẹ máa tẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ Ctrl àti 1, kẹ́ ẹ lọ sí Font, kẹ́ ẹ yọ máàkì níwájú Strikethrough. Èyí tí wọ́n ń fi sórí kọ̀ǹpútà ò gbé bọ́tìnì ẹ̀ síta bíi ti Google, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa lọ fà á jáde fúnra ẹ̀, ìyẹn ò dáa tó. Àmọ́ ibì kan wà tó ti ju Google lọ: tẹ́ ẹ bá fi Ctrl àti H ṣí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nínú ìwé, tẹ́ ẹ tẹ Options, bọ́tìnì Format wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè sọ pé kó bá yín wá gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fagi lé. Ẹni tó ní ìwé gbọọrọ tó fẹ́ mọ ibi tí ìlà wà kó tó pa á rẹ́, ìyẹn á gbè é. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fagi lé, ẹ wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, F2 lẹ máa tẹ̀, ẹ yan ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Google, ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yan ọ̀rọ̀, ẹ tẹ S.

Lórí fóònù, ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì, ẹ fa ìgun ẹ̀ dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ wo lẹ́tà A tó ní ìlà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, S wà lábẹ́ Text. Ẹni tí wọ́n fún láyè pé kó máa wo ìwé nìkan ò ní lè yọ nǹkan kan, ẹni tó ni ìwé ló máa sọ ọ́ di Editor kó tó lè ṣe é.