Bọ́ọ̀sì tó dáa, dírẹ́bà tó ń kánjú: Ìbàdàn sí Èkó

Ẹ̀yin tèmi, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Èkó yìí o. Bọ́ọ̀sì wọn mọ́ tónítóní, AC ń ṣiṣẹ́, owó wọn náà ò gani lára. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà yẹn, háà! Òfin Road Safety ní mọ́tò akérò ò gbọdọ̀ kọjá 90 lórí ẹkisipirẹ́sì, mọ́tò kékeré ló ni 100, èmi tí mo jókòó síwájú ń wo mítà, 120 ni ọ̀gá ń sá, ó tún wá ń gba apá ọ̀tún ya tírélà sílẹ̀, lórí ibi tí mọ́tò tó bá bàjẹ́ ti ń páàkì, níbi tí dírẹ́bà tírélà ò ti lè tètè rí i. Ìyá kan pariwo lẹ́yìn pé "Dírẹ́bà, rọra o, mo bímọ sílé!" Ó ní kí mama fọkàn balẹ̀, pé ó ti pẹ́ tóun ti ń wakọ̀. Ṣé ìyẹn ni bíréèkì ni?

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, AC ló sì gba méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá máa wọ̀ wọ́n, ẹ jókòó sẹ́yìn kẹ́ ẹ má baà rí mítà.