Ṣọ́kì iwájú Honda CG125 mi: sípíríìnì lásán wọ́n ju odidi ṣọ́kì lọ, n kò sì kábàámọ̀

Honda CG125 ni máṣìn mi. Ọdún 1976 ni Honda ti gbé irú rẹ̀ jáde. Tèmi kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe ẹ̀gbọ́n fún àkọ́bí mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò níṣòro. Iwájú ló ń bá mi jà. Kí n kàn fọwọ́ ba bíréèkì báyìí, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bí táyà bá sì já sí kòtò, á dún gbàgà, ìró náà á gba háńdù wọ inú eyín mi. Firíìjì ni mo ń tún ṣe, Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lójoojúmọ́ ni mò ń di àpótí irinṣẹ́ àti sìlíńdà gáàsì mẹ́yìn máṣìn, tí mò ń gba Ìjọ́kodò, Ẹlẹ́yẹlé àti Jẹ́ríkò lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn lẹ́yìn òjò kò ní bi mí pé kí ló dé.

Odidi ṣọ́kì tuntun ni mo kọ́kọ́ rà, ẹsẹ̀ méjèèjì, ₦42,000. Ó ń dán bí abọ́ ìyàwó. Oṣù méjì kò tíì pé tí ọ́ìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Mo fi èékánná ha irin tó ń dán yẹn, ó sì ń bó bí ọ̀dà ògiri. Bí ibẹ̀ bá ti lé egbò báyìí, síìlì (rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú) yòówù kí èèyàn fi sí i, gígé ló máa gé e. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní òun kò mọ̀ mí rí.

Orí ló yọ mí pé n kò tíì ta ti àtijọ́ fún àwọn onírin. Mo dì í sínú àpò, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi ní Ẹlẹ́yẹlé, bàbá àgbà kan tó ti ń tú Honda kí wọ́n tó bí mi. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ọ̀gá Firíìjì, ṣebí ìwọ lo máa ń ní kí èèyàn má sọ kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ àtijọ́ nù? Kí ló wá gbé ọ dé ìdí páànù?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Ó tú bóòtù orí rẹ̀, ó da ojú ẹ̀ dé sínú abọ́. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó dúdú bí omi aró, ó ń rùn bí ẹja tó ti rà, èérún irin sì ń tàn wínníwínní nínú rẹ̀. Ó fa sípíríìnì méjèèjì yọ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pákó: ọ̀kan fi bí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò kúrú ju èkejì lọ. Abájọ! Bàbá ní àwọn kan máa ń ki nọ́ọ̀tì ńlá lé e lórí kó lè ga. Ìyẹn á gbé orí máṣìn sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ sípíríìnì tó ti rẹ̀ di akíkanjú.

Àbúrò mi tó wà ní ìlú Ọba ló bá mi ra sípíríìnì tuntun. Pẹ̀lú owó ẹrù, ₦85,000 ni. Mo mọ̀, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òrùka rẹ̀ sún mọ́ra lápá kan, ó fẹ̀ lápá kejì. Apá tó sún mọ́ra ló ń gba kòtò kéékèèké. Bí ìyẹn bá ti tẹ̀ mọ́ra tán, apá tó fẹ̀ á wá dojú kọ ìjà ńlá. Síìlì tuntun, mo rà á ní ọjà Ààráromi ní Gate. Bí a ṣe tú iwájú sílẹ̀, a rí i pé béárìn ọrùn háńdù náà ti jẹ ihò sí ojú kan, a pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 ni kí a dà sí i, pé bó bá ṣe ki tó ló ṣe máa le tó. Mo gbà fún un. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi ti ń ro mí. Ihò tíntìntín ni ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú ṣọ́kì. Bó bá ki jù, ṣọ́kì kì í tètè padà sókè. Kòtò kìíní tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó tó jáde kòtò kejì ti dé, ẹ̀kẹta bá a níbi tó wólẹ̀ sí. A dà á nù, a ra ọ́ìlì ṣọ́kì gan-an, 15W, tí kò ki tó ti ẹ́ńjìnnì. Fíídà ọmọ tó ní nọ́ńbà lára ni Bàbá fi wọ̀n ọ́n, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló ti ṣọ́kì wọlé pátápátá láìsí sípíríìnì nínú rẹ̀, ó ki ẹyọ igbálẹ̀ kan sínú láti wo ibi tí ọ́ìlì ga dé. Ẹyọ igbálẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún. Kó tó dè é pinpin, ó ní kí n tẹ iwájú mọ́lẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè bá ara wọn mu.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Bíréèkì kì í jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó kàn ń kúnlẹ̀ díẹ̀, bí obìnrin tó ń kí ìyá ọkọ. Ìró gbàgà ti lọ. Ọ́ìlì kò kán rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé bí n kò bá gbé ẹrù, ó máa ń gan lórí ọ̀nà tó kàn rí gbágungbàgun díẹ̀, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà lẹ fi ń jẹun, n kò ní ní kí ẹ ná ₦85,000. Ẹ pààrọ̀ síìlì àti ọ́ìlì ná, kí ẹ sì fi sípíríìnì yín wọn ara wọn. Bí wọ́n bá ṣì dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn tó yín.

Ìyàwó mi gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Ó ní òun gbọ́ pé iwájú ti dára, pé ẹ̀yìn tí òun jókòó sí ńkọ́?